Ta Ni À Ń Pè Ní Bàbá?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan rèé. Ta ni nínú yín ló lè dúró níwájú bàbá rẹ̀ kó ní, "Bàbá, fún mi lówó ọkọ̀"? Kì í ṣe "Ẹ fún mi" ni mo wí o. "Fún mi" gan-an ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó, mo yọ yín sílẹ̀, nítorí a mọ̀ pé ẹ̀ka-èdè tiyín kì í fi ọ̀pọ̀ bu ọlá fún ẹnì kan ṣoṣo. Àwa yòókù ńkọ́? Ìfọ́tí ni yóò kọ́kọ́ dá wa lóhùn, owó ọkọ̀ náà yóò sì di àwátì.

Síbẹ̀, Kristẹni tí kò jẹ́ dán irú rẹ̀ wò níwájú bàbá rẹ̀ yóò jí ní ìdájí, yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Bàbá, ṣàánú mi. Má fi mí sílẹ̀. Rántí mi lónìí." Kò sí "ẹ", kò sí "yín". "Ìwọ", "o" àti "rẹ" ni a fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, Bàbá ni a sì ń pè é. Orúkọ tó ń gba ọ̀wọ̀ jù lọ nínú ilé wá ń bá arọ́pò-orúkọ tí a ń lò fún àbúrò àti ojúgbà rìn pọ̀.

Kíláàsì gírámà ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ jẹ yọ, nígbà tí a ń ṣe iṣẹ́ lórí arọ́pò-orúkọ ẹnì kejì. A rẹ́rìn-ín sí i, a sì kọjá lọ. Èmi kò lè kọjá ní tèmi, nítorí pé nílé wa ní Ìlá Ọ̀ràngún, láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà "Bàbá" ti di ohun tí gbogbo wa ń fi ọgbọ́n yẹra fún.

Mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbúrò mi obìnrin sì wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, nígbà tí bàbá wa lọ sí Èkó láti lọ wáṣẹ́. Fún oṣù díẹ̀ ó ń fi owó ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ìyá wa kó wa wá sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, Màmá Àgbà, ọwọ́ àwọn méjèèjì la sì dàgbà sí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni bàbá wa padà dé. Ìtọ̀ ṣúgà ti mú un lẹ́sẹ̀, owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sí agboolé wọn ní Ìlá yìí kan náà, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ilé Màmá Àgbà. Ó ránṣẹ́ pè wá. A lọ. Èmi dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá." Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà."

Láti ọjọ́ náà "sà" ló ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá wá dé ibi àdúrà, tí Màmá Àgbà bá ní kí àbúrò mi parí rẹ̀ fún wa, "Olúwa" ni yóò máa pè, tàbí "Ẹlẹ́dàá mi". Bí gbogbo ilé bá ń ka Àdúrà Olúwa pọ̀, yóò pa ẹnu mọ́ ní ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́, yóò wá dara pọ̀ mọ́ wa láti ìkẹta. Ó ti pẹ́ kí n tó fura.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá wà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìpàdé àdúrà kan tó lọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, oníwàásù kan kéde pé ẹni tí kò bá lè fẹ́ràn bàbá tó bí i lọ́mọ kò lè mọ Ọlọ́run ní Bàbá láéláé. Ó pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé èmi kì í wá ṣe Kristẹni ni?" Mo ní kí ó fún mi láyè díẹ̀. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́, n kò kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn, nítorí náà ibi tí ẹsẹ̀ mi mọ̀ ni mo gbà lọ: mo lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí létí kí ìjọ tó dé. Bí Yorùbá àtijọ́ bá ní, "Bàbá mi ti wà lọ́run," kò sí ẹni tí yóò rò pé Olódùmarè ló ń sọ. Bàbá rẹ̀ ti kú ni. Ẹni tó wà lọ́run ni ó ń padà wá bẹ̀ wá wò nínú aṣọ egúngún, tí a ó máa pè é ní Ará Ọ̀run, tí a ó sì tún máa pè é ní Bàbá. A kò lè sọ pé a kò mọ èyí ní Ìlá. Egúngún Ìgbómìnà lókìkí débi pé John Pemberton III, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó pẹ́ gan-an lórí iṣẹ́ ìwádìí ní Ìlá, kọ àpilẹ̀kọ kan lé e lórí ní 1978, kí òun àti Fúnṣọ́ Afọláyan tó wá kọ ìwé lórí ipò ọba Yorùbá, pẹ̀lú Ìlá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ní 1996. Àwọn orúkọ wa náà ń jẹ́rìí. Babátúndé, Babájídé, Babáwálé: bàbá àgbà tó ti kú tó sì padà yà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí. (Àbúrò mi sọ lọ́jọ́ kan pé ó yẹ ká fi Babáwálé kún orúkọ òun, kí òun lè máa rántí pé ọ̀kan wálé lóòótọ́. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn.)

Olódùmarè ńkọ́? Ẹni tó bá ka ìwé tí Bọ́lájí Ìdòwú kọ lórí rẹ̀ ní 1962 yóò rí i pé ọba ni, ẹlẹ́dàá ni, onídàájọ́ ni. Orúkọ náà "Bàbá" kì í jìnnà sí àwọn tó súnmọ́ ènìyàn: Ọbàtálá tí wọ́n ń pè ní Bàbá, babaláwo, babalórìṣà, olórí agboolé. Nítorí náà, nígbà tí àwọn òyìnbó ìjọ àti àwọn ọmọ Yorùbá tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ pinnu láti pe Ọlọ́run ní Bàbá tó wà lọ́run, mo rò pé etí àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò ta díẹ̀. Ó lè dà bí ẹni pé bàbá ẹnì kan tó ti kú ni wọ́n ní kí gbogbo ayé máa bọ.

Ta ni ó léwájú nínú ìtumọ̀ náà? Gbogbo wa mọ̀ ọ́n láti ọdún kìíní wa ní yunifásítì: Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. Ìwé Róòmù ti jáde ní èdè Yorùbá ní 1850, odindi Bíbélì sì parí ní 1884. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ní kíláàsì ni ti bàbá Crowther fúnra rẹ̀. Ní 1821, nígbà tí àwọn ogun kólé-kólé ya wọ Òṣoògùn, bàbá náà sáré wọlé wá sọ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n sá. Ó padà síbi tí àwọn ọkùnrin ìlú ti ń gbìyànjú láti dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá. Àjàyí kò tún fojú kàn án mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ pé ogun mìíràn ló pa á. Ìyá rẹ̀ ni Ọlọ́run dá padà fún un ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bàbá kò padà.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí ogun gba bàbá lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ogún ọdún ni ó dàgbà tó wá jókòó ti ìwé, tó kọ "Bàbá" síwájú orúkọ Ọlọ́run fún gbogbo wa. Bí ọ̀rọ̀ oníwàásù yẹn bá jẹ́ òtítọ́, pé àwòrán bàbá ilé ni a fi ń rí Bàbá ọ̀run, kí ni àwòrán tí Crowther ń wò? Ẹ má ṣe sọ fún mi pé àwòrán bàbá tó sáré wọlé wá kìlọ̀ fún ìdílé rẹ̀ kì í ṣe àwòrán tó dára. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán ẹni tí a kò rí mọ́ náà ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí arọ́pò-orúkọ. Agbègbè Ọ̀yọ́ ni Òṣoògùn wà, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún àgbà. Crowther mọ "ẹ" dáadáa. Kí ló dé tí kò lò ó fún Ọlọ́run? Ìdí kan wà nínú àwọn èdè tí wọ́n fi kọ Bíbélì: Hébérù àti Gíríìkì àtijọ́ kì í fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe Ọlọ́run. Gẹ̀ẹ́sì inú Bíbélì 1611 náà fi ẹyọ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ìdí kejì, bí mo ṣe rò ó, ni pé ní ilẹ̀ tí òrìṣà ti pọ̀, bí ẹni tó ń wàásù Ọlọ́run kan ṣoṣo bá ń pè é ní "ẹ̀yin", ẹlòmíràn lè béèrè pé àwọn mélòó ni wọ́n.

Ìdí kẹta ló dá mi lójú jù. Àwa Yorùbá kò fi "ẹ" bá àwọn agbára ọ̀run sọ̀rọ̀ rí. Ẹ tẹ́tí sí ẹni tó ń ki Ṣàngó tàbí Ọ̀ṣun, "o" àti "ìwọ" ni. Ẹ tẹ́tí sí ìyá tó ń ki ọmọ rẹ̀, tàbí akéwì tó ń ki ọba tí òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ fi "o" bá sọ̀rọ̀ nígbà tí oríkì bá parí. Ọ̀wọ̀ "ẹ" jẹ́ ti àárín ènìyàn sí ènìyàn. Nígbà tí ohùn bá yí padà tó di oríkì tàbí ìwúre, arọ́pò-orúkọ náà yóò yí padà. Àwọn Mùsùlùmí wa náà ń lo "Ìwọ" fún Allah, wọn kì í sì í pè é ní Bàbá. Èyí fi hàn pé kì í ṣe nítorí pé Ọlọ́run jẹ́ bàbá ni a ṣe ń lo ẹyọ. A ti ń lò ó kí orúkọ Bàbá tó dé. Orúkọ náà ló wá bá a nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sí nínú ìwé gírámà kankan lọ́wọ́ mi, Màmá Àgbà ni mo ti gbọ́ ọ. Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo ń fi etí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ àdúrà ìdájí rẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ ṣé tí mo tún rí òní." Ó kan ẹ̀bẹ̀: "Má dójú tì mí. Ṣọ́ àwọn ọmọ mi fún mi. Wo ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn sàn." Ìdúpẹ́ gba "ẹ", ẹ̀bẹ̀ gba ẹyọ, nínú àdúrà kan náà, lẹ́nu ènìyàn kan náà. Mo gbọ́ ọ báyìí fún ọjọ́ mẹ́fà léraléra. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ káàkiri, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí rédíò, lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yin náà ẹ tẹ́tí sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ óò gbọ́ ọ.

Mo rò pé ọgbọ́n inú rẹ̀ nìyí: "ẹ ṣé" jẹ́ ìkíni, bí "ẹ kú iṣẹ́" àti "ẹ ǹlẹ́". Ìkíni ní ìlànà, ọmọ tí a kọ́ kì í ṣì í. Ẹ̀bẹ̀ kò ní ìlànà. Nígbà tí mo bi Màmá Àgbà ní ìbéèrè nípa rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí ìwé ti ń yọ lẹ́nu. Ó ní, "Bí iná bá ń jó ọ lára, ṣé wàá dúró máa wá 'ẹ' kiri?" Èsì náà kúrú ju àlàyé tèmi lọ, ó sì dára jù ú lọ. Àwọn àgbà ní ilé bàbá ọmọ kì í ba ọmọ lẹ́rù. Nínú àdúrà Kristẹni Yorùbá, ọmọ ń wọlé pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti "ẹ ṣé", ṣùgbọ́n tó bá ti dé inú yàrá, ẹ̀rù á tán, yóò sọ ohun tó ń dùn ún.

Àbúrò Màmá Àgbà ọkùnrin jẹ́ Mùsùlùmí. Bàbá Àlájì ni gbogbo ilé ń pè é, ẹ sì rí i pé "Bàbá" náà ti wọ ibẹ̀. Ìlá jẹ́ ìlú tí ìdílé kan ti lè jẹ Kérésì àti Iléyá láì pàdánù ẹran kankan. Ẹ wo Lámídì Fákẹ́yẹ, ọ̀gá agbẹ́gilére ọmọ Ìlá tó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Oduduwa Hall ní Ifẹ̀. Mùsùlùmí ni. Síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọnà tí àwọn àlùfáà Àgùdà dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, lábẹ́ ọkùnrin kan láti Yúróòpù tí gbogbo ayé ń pè ní Fàdá Carroll. Fàdá kò bí ọmọ kankan, ṣùgbọ́n Fàdá ni.

Bàbá Àlájì kò fara mọ́ pípe Ọlọ́run ní Bàbá rárá. Sùúrà 112 nínú Kùránì ti là á mọ́lẹ̀ pé Ọlọ́run kò bí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì bí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi dé etí rẹ̀, ó ní, "Mo ti ń sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi tipẹ́. Bí ẹ bá pe Ọlọ́run ní bàbá, bí bàbá bá wá burú ńkọ́? Ọba ni kí ẹ máa pè é." Màmá Àgbà dá a lóhùn kíá: "Àlájì, ṣé ọba kì í burú ni?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ní kí ọba ṣígbá wò, ta ni yóò jiyàn?

Èsì Màmá Àgbà yìí ló ṣí mi lójú. Àbúrò mi sá kúrò lọ́dọ̀ "Bàbá", ó sá sọ́dọ̀ "Olúwa". Ta ni olúwa? Ẹni tó ni èèyàn ni. Crowther tó kọ "Olúwa" sínú Bíbélì láìmọye ìgbà mọ ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn ẹgbẹ́ ẹni ni èèyàn: nínú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n sì tún tà á lẹ́yìn náà fún ẹlòmíràn àti ẹlòmíràn. Kò sí orúkọ kan tí a fi ń pe Ọlọ́run tí ènìyàn burúkú kan kò ti jẹ́ rí láyé. Ọba, Olúwa, Bàbá, Olùṣọ́, gbogbo wọn ni ọwọ́ ènìyàn ti kàn. Bí a bá ní ká dúró kí a rí orúkọ tí kò ní àbàwọ́n kí a tó gbàdúrà, a ó yadi.

Ẹ̀wẹ̀, àwa Kristẹni náà ní ẹjọ́ tiwa láti rò. Nínú Mátíù 23, ẹsẹ 9, Jésù sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni ní bàbá láyé. Kí la wá ṣe? A ní Bàbá Ìjọ, a ní Bàbá Àdúrà, Kérúbù àti Séráfù ní Baba Aládùúrà. Àwọn ọmọ Ridíìmù ń pe Pásítọ̀ Adébóyè, ọmọ Ifẹ̀wàrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, ní Daddy G.O. Nínú ẹgbẹ́ Kristẹni ní ọgbà yunifásítì, ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń jẹ gààrí mu bíi tèmi ti di "Papa" nítorí pé wọ́n fi í ṣe ààrẹ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Yorùbá kò mọ bí a ṣe ń pe àgbà ní orúkọ, kò sì sí bí oníwàásù ṣe lè tọ́jú wa fún ọdún mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ náà má bọ́ sí wa lẹ́nu. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí à ń pè ní Dádì ní ọgbà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra bó ṣe ń fi bàbá ilé wọn ẹni gbogbo díwọ̀n ìgbàgbọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yé mi jù ni ìtàn tí Màmá Àgbà sọ fún àbúrò mi ní oṣù kẹta sẹ́yìn, tí èmi náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Ìwọ rò pé orúkọ bàbá tó bí ọ ni mò ń pè ní ìdájí? Bàbá tó bí èmi kú kí n tó rìn. N kò mọ ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ń pè ní Bàbá. Ó ní ọmọ mẹ́fà tirẹ̀, ó fi mí ṣe ìkeje. Òun ló fún mi ní owó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Bí mo bá ní 'Bàbá' lórí ìkúnlẹ̀, ojú tirẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn, kí n tó wá gbójú sókè sí Ọlọ́run."

Mo ronú sí i lóru ọjọ́ náà. Nínú agboolé Yorùbá, "bàbá" kò mọ sí ẹni tó bí ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá, àbúrò bàbá, olórí ẹbí, bàbá ni gbogbo wọn. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Oníwàásù tó ní kí àbúrò mi wo bàbá kan ṣoṣo kó tó lè rí Ọlọ́run, ilé oníyàrá méjì ló ń fojú inú wò, ìyá, bàbá, ọmọ méjì. Ọ̀rọ̀ tí Crowther lò fẹ̀ ju ilé yẹn lọ.

Bíbélì fúnra rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ Árámáíkì náà "Abba" wà ní ibi mẹ́ta péré nínú Májẹ̀mú Tuntun: Máàkù 14:36, Róòmù 8:15 àti Gálátíà 4:6. Nínú Máàkù, Jésù ló sọ ọ́ ní òru tí ìdààmú bá a jù lọ, nígbà tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ago kan ré òun kọjá. Nínú Róòmù àti Gálátíà, ọ̀rọ̀ ìsọdọmọ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ. Ẹ ṣàkíyèsí o: ìsọdọmọ. Ọmọ tí a gbà tọ́ ni ó ń ké "Abba", ọmọ ìkeje tó wọ inú ilé tó ti ní mẹ́fà. Ìtàn Màmá Àgbà gan-an ni. Ìwé Róòmù yìí sì wà lára ohun tí ọmọ Òṣoògùn tó pàdánù bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ gbé jáde fún wa.

Ìtàn Ìgbómìnà náà kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Ajagun-ńlà ń kúrò ní Ifẹ̀, Odùduwà fún un ní ogbó, àdá tí ó mọ ọ̀nà, ogbó-mọ-ọ̀nà, tó di Ìgbómìnà lẹ́nu wa. Nínú ìtàn náà, bàbá kò bá ọmọ rìn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfìfo. Bí mo bá ní kí n fi ìtàn yìí mọ bàbá, ẹni tó fi ogbó lé ọmọ lọ́wọ́ ni bàbá. Ẹ̀gbọ́n bàbá Màmá Àgbà ni bàbá. Ìyá wa, tó ń ta ata ní ọjà kí n lè máa jókòó ní kíláàsì gírámà, ti ṣe bàbá. Bí ẹnì kan bá ní obìnrin kò lè ṣe é, kí ó lọ ka Àìsáyà 66, níbi tí Ọlọ́run ti fi ara rẹ̀ wé ìyá tó ń tu ọmọ nínú.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi nìyí nígbà tí mo pè é padà. Mo ní Kristẹni ni. Mo ní Orin Dáfídì 68 pe Ọlọ́run ní bàbá ọmọ tí kò ní bàbá, kò sì sọ pé kí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ wá bàbá tirẹ̀ rí kó tó wọlé. Mo ní "Olúwa" tó ń pè dára, kí ó máa pè é lọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ṣé."

N kò ní sọ fún yín pé nǹkan ti yanjú. Bó bá wálé lọ́jọ́ Sátidé, òun ló ń gbé ọbẹ̀ lọ fún bàbá wa, ó sì ń bá wọn wẹ egbò ẹsẹ̀ náà. "Sà" ló ṣì ń pè é. Bó bá gbàdúrà ìparí nílé, "Olúwa" ni, Màmá Àgbà á sì ṣe àmín tó le ju ti gbogbo ilé lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí àdúrà ní ẹgbẹ́ yín, ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní Papa àti Dádì, ọ̀rọ̀ kan ni mo bẹ̀ yín sí. Bí ẹ bá gbé Àdúrà Olúwa, tí ẹ rí ẹnì kan tó pa ẹnu mọ́ ní ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má wò ó lójú, ẹ má sì fi ṣe kókó ìwàásù. Ẹ kàn máa kà á lọ. Ó ṣeé ṣe kí ó bá yín lọ́nà ní ọ̀rọ̀ kẹta.